Nùrẹ́nì Agbẹ́kànga Tí Wọ́n Fagi Lé

Ìgándò, lọ́nà Ìkòtún.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1975.

Èmi Simeon, tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò yìí, ni mo mú kálàmù dání, ṣùgbọ́n ẹnu Bàbá Akínlẹ́yẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Bàbá kò lọ sílé-ìwé. Wọ́n wá bá mi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú iṣu méjì àti bébà tí wọ́n ká sínú fìlà, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọmọ àwọn tó ń tẹ tápúráítà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, nítorí ọ̀rẹ́ àwọn kan tó ti kú. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe sọ ọ́ ni kí n ṣe kọ ọ́, kí n má fi ọ̀rọ̀ tíṣà kún un. Níbi tí mo bá ti gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe, wọ́n á ní kí n kà á padà sí àwọn létí, wọ́n á sì ní kí n pa tèmi rẹ́. Nítorí náà, tiwọn ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e yìí.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Yàrá tí o gbà ní Múṣin ńkọ́, ṣé onílé kò tíì tún fi nǹkan kún owó ilé? Ọlọ́run tó sìn ẹ́ jáde nílé yìí kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbàgbé ọ̀nà tí o gbà lọ. Mọ́tò kò ní í fi ẹ́ ṣe ohun tí mọ́tò ń fi èèyàn ṣe l'Ékòó. Ìyá rẹ kí ẹ, ó ní kí n sọ fún ẹ pé orúnkún tó ń dùn òun ti sàn, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́, ó ṣì ń fi igi tilẹ̀ bó bá rò pé n kò wo òun. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì sanra.

Tíṣà ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun méjì ni mo fẹ́ dáhùn níbẹ̀ kí n tó sọ ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó. O ní ìjọba fún yín ní àríà oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ mi, inú mi kò dùn sí i. Àríyà ọjọ́ mẹ́ta tí a ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó, ọ̀sẹ̀ méjì ni inú fi run mí. Bí gbogbo yín bá ń ṣe àríyà fún oṣù mẹ́sàn-án, ta ló ń bá ìjọba ṣiṣẹ́? Tíṣà ní kì í ṣe àríyà, ó ní owó tó yẹ kí wọ́n ti fún yín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ṣáà máa kọ ọ́ lọ. Má jẹ ẹran jù, kí o sì máa tètè sùn.

Ìkejì, o kọ nọ́ńbà kan sókè lẹ́tà náà. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí mo mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n fi kà ẹ́ ni. Tíṣà ní rárá, ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù ọ́fíìsì yín ni, pé bí mo bá dé ibi tí tẹlifóònù wà n'Íkẹjà, mo lè yí i kí o sì dá mi lóhùn. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí ìjọba ti fún ẹni tí wọn kò kà ní nọ́ńbà. Tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kíkà yìí gan-an ni mo bá wá.

O kò lè gbàgbé Nùrẹ́nì, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Kànga nígbà tí ẹ wà ní kékeré. O mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ọdún tí àwọn ṣọ́jà tó lọ jagun ní Bọ́mà ń darí bọ̀ wálé ló dé sí àgbàlá wa pẹ̀lú okùn kan àti garawa kan, mo fún un ní yàrá ẹ̀gbẹ́ igi orógbó, kò sì kó kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. O kò bá ìsìnkú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, àwọn Mùsùlùmí kì í dúró de ẹni tó wà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò mọ̀ nípa iṣẹ́ àwa méjèèjì, mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ohun tó kù lè yé ẹ.

Àgbẹ̀ ni mí, àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí oko sinmi, èmi ni mo máa ń di okùn mú fún Nùrẹ́nì. Ẹnì kan ló ń gbẹ́ kànga nísàlẹ̀, ẹnì kejì á dúró lókè, á máa fa erùpẹ̀ jáde. Bí kànga bá ti jìn, ẹni òkè kò ní í rí ẹni ìsàlẹ̀ mọ́, òkùnkùn nìkan ni yóò máa wò. Nítorí náà yóò máa pè é. Mo máa ń pe Nùrẹ́nì pé, ṣé o wà? Á dáhùn pé, mo wà. Bí mo bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, a jẹ́ pé nǹkan ṣe é nìyẹn. Bí ọjọ́ bá rọ̀, tó bá gòkè, a ó wá to igi dábùú ẹnu kànga kí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé má baà kó sí i. Ó ti mọ́ mi lára débi pé kí n tó gbé igi àkọ́kọ́ lé e, mo tún máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga tó ti ṣófo, n ó pè é. Nùrẹ́nì á wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé etí, á dáhùn pé, "Mo wà, ọ̀rẹ́ mi. Fagi lé e."

Ojoojúmọ́ ni, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kò sọ lọ́jọ́ kan pé ọ̀rọ̀ mi ti sú òun.

O mọ̀ pé ẹ̀yìn máa ń dùn mí, o sì mọ̀ pé n kì í sọ. Láwọn ọjọ́ tó bá ń dùn mí, garawa tí mo bá fà sókè máa ń fúyẹ́, ìdajì erùpẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Mo máa ń pariwo sí i láti òkè pé ṣé àkèré ló ń bá ṣeré nísàlẹ̀ ni. Á ní kí n má bínú, ilẹ̀ ibẹ̀ ló le. N kò ronú kàn án rí pé ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí nìkan ni ilẹ̀ máa ń le. Ìgbà tó kú tán ni Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí Nùrẹ́nì bá délé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, á ní ẹ̀yìn Akínlẹ́yẹ ló jẹ́ kí òun pẹ́ lónìí, kó má jẹ́ kí n gbọ́, torí alágídí ni mí, bí mo bá mọ̀, n ó ní kó rọ garawa náà kún dé ẹnu. Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe máa ṣe nìyẹn.

Agídí mi yìí náà ló bò mọ́lẹ̀ fún mi l'Ẹ́gbẹ̀ẹ́dá. Ó ní omi kò sí níbi tí mo nàka sí, mo ní omi wà níbẹ̀, ó wọ ibẹ̀ lọ ó ń gbẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkúta nìkan ni mò ń fà. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa wá bá wa pẹ̀lú ìbínú, ó béèrè pé òmùgọ̀ wo ló mú ibẹ̀. Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ohùn Nùrẹ́nì láti ìsàlẹ̀ pé òun ni, ẹ má bínú, ojú òun ló ṣìnà. Ó gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Látọjọ́ náà kò mẹ́nu kàn án mọ́, kódà lọ́jọ́ tí a jà lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, tí èmi sì ń ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láti ọdún tó ti dé. Lójú tèmi, omi ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò gbẹ́ ẹ jìn tó ni.

Ìwọ náà, rántí bàtà ilé-ìwé rẹ tó já bọ́ sínú kànga lọ́jọ́ Iléyá. Ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti lọ kírun. Ó bọ́ ọ sọ́wọ́ Sìdíkátù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú bàtà náà wá fún ẹ, ó ní omi ní kí òun kí ẹ, omi ní òun wọ̀ ọ́ wò, kò bá òun lẹ́sẹ̀ mu. O rẹ́rìn-ín títí o fi gbàgbé pé ò ń sunkún.

Ikọ́ ló pa á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó bò ó kí erùpẹ̀ má baà kàn án lára. Igi ni, Fúnkẹ́. Wọ́n ń fagi lé e. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ibẹ̀, mo ṣáà gbọ́ ohùn ara mi tó ń pè é, pé Nùrẹ́nì, ṣé o wà? Gbogbo wọn yíjú sí mi. Lèmọ́mù rọra dì mí lápá mú, ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é parí. Mo kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń di okùn mú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fagi lé ibi tí Nùrẹ́nì wà láìjẹ́ pé ó dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn oníkànìyàn dé. Nígbà tí Nùrẹ́nì ṣì wà láàyè, ẹnì kan ti kọ́kọ́ wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri wa, ó sì kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé. Ní gbogbo ayé Nùrẹ́nì, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan lójú rẹ̀ rí. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ibi tí òun wà han òun. Ó fi ìka kan bébà náà, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé gbogbo èyí ni mí?" Inú rẹ̀ dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Akọ̀wé mìíràn ló wá ka àwa fúnra wa. Òòrùn ti pa á, ó sì ṣì kù kó lọ ka àwọn ará Ìjẹ̀gùn. Ó pe orúkọ mi, mo ní mo wà. Ó pe ìyá rẹ. Ó pe Sìdíkátù tó ń ṣe opó nínú yàrá, ìyẹn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n kun íǹkì sí àtàǹpàkò rẹ̀ bíi tiwa, kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Nùrẹ́nì, agbẹ́kànga. Ṣé ó wà?"

Mo ní, "Ó wà."

Fúnkẹ́, n kò rò ó. Ọgbọ̀n ọdún ló dáhùn, kì í ṣe èmi. Ó béèrè ibi tó wà. Mo ní ó wà nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé bàbá rẹ purọ́ fún ìjọba, sọ fún un pé ohun tí mo sọ nìyẹn, kó wá sọ fún mi ibi tí irọ́ wà níbẹ̀. Akọ̀wé náà rí okùn àti garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mi orí. Ó ní ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kun íǹkì sí i lọ́wọ́. Mo ní kò lè gòkè lónìí. Ó kanra, ó ní kí wá ni ká ṣe báyìí, Bàbá. Mo na àtàǹpàkò òsì mi sí i, torí ó ti kun ti ọ̀tún. Mo ní èmi ni mo ń di okùn rẹ̀ mú, ohun tó bá kàn mí lọ́wọ́ ti kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní alágídí ni mí, ó kùn ún. Nígbà tó lọ, Sìdíkátù sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ ṣeun." Mo fọ ti ọ̀tún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti òsì, n kò fọ̀ ọ́, fúnra rẹ̀ ló parẹ́.

Ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ní bí kò tilẹ̀ sí nílé, ó wà nínú ìwé.

Ìgbà tí mo lọ tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe lọ́dọ̀ Zacchaeus n'Íkòtún lóṣù tó kọjá, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìjọba tuntun ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Zacchaeus ní, Bàbá, ẹ gbọ́, wọ́n ti fagi lé ìkànìyàn ọjọ́sí. Mo bi í pé, ǹjẹ́ wọ́n pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé e? Ó rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọn ò fi igi gidi ṣe é, pé wọ́n ní iye tí wọ́n kà kò ṣe é gbà gbọ́ ni, àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ka ẹni tí kò sí mọ́ ẹni tó wà. N kò lè rín ẹ̀rín. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Mo fa kẹ̀kẹ́ mi wálé, n kò gùn ún.

Láti ọjọ́ náà n kò lè jẹun dáadáa. Gbogbo Nàìjíríà, láti ibí títí dé ibi tí ràkúnmí wà, wọ́n ti kà wọ́n tán, iṣẹ́ ńlá, ẹnì kan ṣoṣo ló lé, èmi ni mo sì fi í lé. Tíṣà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju tèmi lọ. Ó ń tù mí nínú ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, torí ìwọ lo wà nítòsí wọn, ìwọ lo sì ń tẹ ohun tí ìjọba bá sọ. Lọ bá ọ̀gá rẹ, kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Sọ fún un pé ẹnì kan péré ni, pé bàbá rẹ jẹ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ dandan kí iye náà pé, kí wọ́n yọ èmi Akínlẹ́yẹ, kí wọ́n fi Nùrẹ́nì sílẹ̀. Èmi wà níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wọkọ̀ wá sí Ìgándò. Ẹni tí kò sí níhìn-ín mọ́ ló nílò bébà. Bí wọ́n bá sì ti jó ìwé náà, ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ kò gùn, kò ní í gba àyè lórí tápúráítà.

Láàárọ̀ kí n tó lọ sóko, mo máa ń yà sídìí kànga tó gbẹ́ sí àgbàlá wa. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, n ó pè é. Ohùn mi ni kànga náà fi ń dá mi lóhùn, ohun tí mo bi í ló ń bi mí padà. Ó ní, ṣé o wà? Mo wá máa ń dáhùn pé mo wà, torí kò dáa kéèyàn pe èèyàn láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n má dáhùn. Ìyá rẹ rò pé omi ni mò ń wò bóyá ó ti fà.

A gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá sí Àpápá pọ̀ débi pé wọn ò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn dín in kù, sọ fún wọn pé bàbá rẹ lè gba àpò méjì. Mo fẹ́ mọ ètè kànga náà sókè, kí tíṣà sì fi ìṣó kọ orúkọ Nùrẹ́nì sí i nígbà tó bá ṣì tutù. Èyí tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, kò sí ìjọba tí yóò fagi lé e, torí igbá ni ìyá rẹ yóò máa gbé lé e, kì í ṣe igi. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún iyọ̀ àti kẹrosíìnì pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ó le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí n kò bá béèrè owó, wàá rò pé ara mi kò yá.

Ọmọ mi, níbikíbi tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ, wàá wà níbẹ̀. O kò ní í wọ ibi jíjìn kan kí o má rí ẹni tí yóò máa pè ẹ́ láti òkè. Ẹni tó bá di okùn rẹ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í rẹ̀, bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn ún, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o mọ̀, láìjẹ́ pé ó sọ fún ẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Èmi Simeon tún rèé. Mo ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ó pé. Mo fún wọn ní íǹkì, wọ́n tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún. Kí n tó gba íǹkì padà, wọ́n ti tẹ ti òsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní ọ̀kan ti tó. Wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. Wọ́n ní kí n kọ ẹni tó ni í sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́.

Àtàǹpàkò ọ̀tún: Akínlẹ́yẹ, àgbẹ̀. Ó wà.

Àtàǹpàkò òsì: Nùrẹ́nì, agbẹ́kànga. Ó wà.

Àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí: Zacchaeus, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe n'Íkòtún, ó fọwọ́ sí i, àti Sìdíkátù, ìyàwó Nùrẹ́nì, tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tó ní kí n fi ibi tí orúkọ ọkọ òun wà han òun, tó sì fi ìka rẹ̀ kàn án kí íǹkì tó gbẹ.